Ta ló ní kí a máa "gé" májẹ̀mú?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìtòkò kọ̀wé lánàá pé "dá májẹ̀mú" kò péye tó, nítorí karat ni èdè Hébérù lò nínú Jẹ́nẹ́sísì 15:18, níbi tí Ọlọ́run ti bá Ábúrámù dá májẹ̀mú, gígé sì ni karat. Wọ́n wá ṣẹ̀dá "ìgémájẹ̀mú" fún wa, pé òun ni kí a máa fi pe gbogbo májẹ̀mú inú Bíbélì láti orí Nóà títí dé orí Jésù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sí i létí. Ohun tí Yorùbá bá gé ti kúrú nìyẹn. Gígé tí ẹ ń wá kiri, inú "dá" ló wà: igi dá, eegun dá, wọ́n dábẹ́ fún ọmọ. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 17 wò, níbi tí ilà ọjọ́ kẹjọ ti jẹ́ àmì májẹ̀mú. Ní ẹsẹ 14, aláìkọlà ni a ó ké kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Karat kan náà nìyẹn, ó ti di ìyà. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884 mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n mú "dá".

Yàtọ̀ sí èyí, karat kọ́ ni a fi sọ dídá májẹ̀mú Nóà. Jẹ́nẹ́sísì 9 ní Ọlọ́run fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó fi òṣùmàrè ṣe àmì, a ò la ẹran kankan sí méjì bíi ti Ábúrámù. Ti Dáfídì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà "májẹ̀mú" gan-an kò hàn nínú 2 Sámúẹ́lì 7. Sáàmù 89 ló pè é ní májẹ̀mú. Kí wá ni "ìgé" ń kó jọ?

Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ọ̀kan ń rántí èkejì. Ẹ́kísódù 2:24: Ọlọ́run rántí májẹ̀mú Ábúráhámù kó tó yọ Ísírẹ́lì ní Íjíbítì, ibẹ̀ ni májẹ̀mú Sínáì ti rọ̀ mọ́ ọn. Pọ́ọ̀lù ní òfin tó dé lẹ́yìn 430 ọdún kò lè sọ ìlérí náà dòfo (Gálátíà 3:17). Sakaráyà, nínú Lúùkù 1:69-73, fi ẹnu kan ṣoṣo dárúkọ ilé Dáfídì àti ìbúra tí a ṣe fún Ábúráhámù. Ibi tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rí "Májẹ̀mú Láéláé" lójú ìwé, wọ́n wá rò pé gbogbo ohun tó wà ṣáájú Mátíù ló ti gbó. Jeremáyà 31:32 ò sọ bẹ́ẹ̀: èyí tí a bá àwọn baba dá nígbà tí wọ́n jáde ní Íjíbítì ló dárúkọ. Kò fọwọ́ kan ti Ábúráhámù.

Ẹlòmíràn tún wà láàárín wa tó ní kí a padà sí "ìmùlẹ̀" dípò "májẹ̀mú". Ẹ dúró ná. Ẹni méjì ló ń mulẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 15, wọ́n la màlúù, ewúrẹ́ àti àgbò ọlọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta sí méjì, wọn ò la ẹyẹ, ṣùgbọ́n iná nìkan ló kọjá láàárín ẹran. Ábúrámù ti sùn lọ. Ẹni tó sùn kò mulẹ̀. Ẹ́kísódù 24 ni ìmùlẹ̀ bá mu: ìdajì ẹ̀jẹ̀ lórí pẹpẹ, ìdajì lára àwọn ènìyàn tó ti fẹnu ara wọn jẹ́jẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. "Olorun da majemu" lẹ kọ. "Dá" ni àbí "dà"? "Dà" máa ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ó di "da májẹ̀mú", bíi ti ẹni tó dalẹ̀, tó máa bálẹ̀ lọ. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ dán an wò: ó dá a, ó dà á. Ẹ ti sọ Ọlọ́run di ọ̀dàlẹ̀ lórí àmì kan.

Ará Aké

Àbúrò, mo gba ti Nóà. Ti àmì náà, fóònù ni. Ṣùgbọ́n "gégùn-ún" ńkọ́? Ṣé ègún tí a gé ti kúrú ni? Ka Jeremáyà 34:18, kí o rí ohun tí Ọlọ́run fẹ́ ṣe fún àwọn tó kọjá láàárín ọmọ màlúù tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n sì yẹ májẹ̀mú. Ègún ló wà nínú gígé yẹn, "dá" kò sì gbé e. Àwọn àgbà tó sọ Yorùbá jù ọ́ lọ mọ èyí.

Ará Ìtòkò

Ẹ̀yin méjèèjì, "má jẹ, má mu" kọ́ ló bí májẹ̀mú? Ààwẹ̀ ni.

Ará Ìbarà

Ará Ìbarà, ohùn "má jẹ, má mu" kò bá ti "májẹ̀mú" mu. Níbo lẹ ti rí ohùn ìsàlẹ̀ orí "jẹ̀" àti ohùn òkè orí "mú"? Ẹ̀gbọ́n ará Ìtòkò, mo ń bọ̀ lórí "gégùn-ún".

Ará Aké