Idẹ mi ń sán létí, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà onídẹ. Mushin ni mo ti ń lu ẹ̀gbà ọwọ́. Owódé Onírin ni mo ti ń ra idẹ. Mo mọ̀ pé lílù ló ń mú idẹ le, iná ló ń mú un rọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìlà tín-ín-rín bí irun á yọ níbi tí mo tẹ̀ kẹ́yìn. Amóníà, omi kẹ́míkà tí òórùn rẹ̀ le, la fi ń fọ̀ ọ́ kó lè dán. Wọ́n ní amóníà yìí náà ló mú kí ìkaraun ọta ìbọn onídẹ àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì sán ní Íńdíà láyé ọjọ́un. Ẹ̀gbà ìyàwó ni o, kò gbọdọ̀ sán! Ṣé kí n tún fi iná díẹ̀ kàn án lẹ́yìn títẹ̀ ni? Ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ lè rọ́pò amóníà?