Ìdáhùn: "Apolú", ta ló kú?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ fún mi láyè. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkọ̀lé ní kí á máa pe oògùn àrùn tí olú (fungus, ẹbí olú jíjẹ àti èyí tó ń bu lára oúnjẹ) ń fà ní "apolú", kí àyẹ̀wò tí lábù fi ń mọ̀ bóyá oògùn ran olú sì máa jẹ́ "ìdánwò ìpolú". Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni "apakòkòrò".

"Pa" yẹn ni mo ń bá jà. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ, lábù sì ni ilé ọmọ yìí. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Àwo ike oníhò 96 la fi ń ṣe àyẹ̀wò náà. A ó da oògùn sínú omi RPMI tí olú yóò máa jẹ, a ó máa dín in kù ní ìdajì ìdajì láti ihò dé ihò: 16, 8, 4, títí yóò fi ku 0.03 mílígíráàmù nínú lítà kan. A ó fi hóró Aspergillus fumigatus, olú kan tó ń fa àrùn, sí i, a ó gbé e sínú ooru 35°C fún wákàtí 48. Ihò tí oògùn ti kéré jù lọ, tí ojú ò sì rí nǹkan kan tó hù níbẹ̀, ìwọ̀n oògùn inú rẹ̀ là ń kọ sílẹ̀ ní MIC. Ṣé èyí tó wà níbẹ̀ ti kú? Ta ló sọ fún yín? Ẹ bu díẹ̀ níbẹ̀ sórí agar (oúnjẹ olú tó dì) tí kò ní oògùn; nígbà míì, yóò tún hù.

Ti caspofungin, oògùn olú kan, tún yàtọ̀. Aspergillus á máa hù nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka rẹ̀ á kúrú, á rún mọ́ra. MEC, ìwọ̀n oògùn tó kéré jù lọ tí ẹ̀ka ti rí bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ń kà fún un, kì í ṣe MIC. Fluconazole, oògùn olú mìíràn, ńkọ́? Kò ran fumigatus rárá. Apolú tí kò lè pa olú!

Ẹ gbọ́ ẹnu àwọn àgbà wa ná. Oògùn kì í "pa" ìgbẹ́ gbuuru, ó ń dá a dúró ni. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n á ní kí á wá ewé tí yóò dá a dúró. Màmá wa àgbà ní Ìjerò kò mọ̀wé, àmọ́ kò ní ṣi irú ọ̀rọ̀ ìṣe bẹ́ẹ̀ lò láé. "Adólúdúró" ni tèmi. Ẹ ní ó gùn? Ó gùn lóòótọ́.

Àwọn tó ní jíjẹ ni olú, pé èyí tó bu lára búrẹ́dì kì í ṣe olú, ẹ bá ara yín yanjú ẹ̀. Àmọ́ olú tún ń jẹ́ ọba: kí ẹnì kan má lọ pariwo "apolú" ní ààfin Adó o, ẹ̀ṣọ́ ọba ni yóò dá a lóhùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó sì kọ̀wé pé "u" kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ, pé kí àwa Èkìtì jókòó jẹ́ẹ́ bí wọ́n bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀: uṣu ni mò ń jẹ nínú ulé mi. Kí wọ́n wá bá mi níbẹ̀.