Ilẹ̀ ẹbí lọ́nà Ìkìrun: rìsíìtì àti sọ́fè nìkan ni wọ́n ní. Ṣé kí n sanwó?

Ayálégbé Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí, Òṣogbo wa. Ìdajì pulọ́ọ̀tì kan ni mo fẹ́ rà lọ́nà Ìkìrun. Ájẹ́ńtì ní ilẹ̀ ẹbí ni, bàbá tó ni ín ti kú, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ló ń tà á. Ìwé tí wọ́n fi hàn mí ò ju rìsíìtì ẹbí àti fọ́tòkọ́pì sọ́fè (ìwé àwòrán àti ìwọ̀n ilẹ̀) àtijọ́ kan lọ. Wọ́n ní kí n tètè san gbogbo owó kí ẹlòmíì má baà gbà á. Owó ilé tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wa ni mo ń rò pé máa yá. Kí ló yẹ kí n yẹ̀ wò?
Èkejì: lánlọ́ọ̀dù mi ní kí n kó jáde kí oṣù yìí tó parí. Ọdọọdún ni mo ń sanwó, n ò sì jẹ gbèsè. Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Òpó Mẹ́rin:
Ti sọ́fè lèmi máa dáhùn. Ẹ gbàgbé fọ́tòkọ́pì tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ò bá hàn ketekete. Ẹ wo orúkọ ẹni tí wọ́n yà á fún, ọjọ́ tí wọ́n yà á, òǹtẹ̀ àti ọwọ́ sọ́féyọ̀, nọ́ńbà òpó kọ̀ọ̀kan (èyí tí wọ́n rì mọ́ igun ilẹ̀) àti coordinates wọn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí òpó wà gan-an. Lẹ́yìn náà, kí sọ́féyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ájẹ́ńtì o, lọ gba coordinates igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ilẹ̀ gan-an, kó fi wé ti inú ìwé. Òpó máa ń rìn lálẹ́, èèyàn ló ń gbé e kúrò. Bó bá bára mu, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ fún charting, kí wọ́n wo ibi tó bọ́ sí lórí máàpù ìjọba. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà, tàbí ó bọ́ sórí sọ́fè ẹlòmíì, tàbí ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń sanwó tán kí wọ́n tó ṣe èyí.

Ẹ tún wo bó ṣe tóbi tó. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 jẹ́ nǹkan bíi mítà 464 níbùú lóròó, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ 232. Bí ìwé bá sọ 190, ẹ béèrè ibi tí ìyókù wọlẹ̀ sí, kí wọ́n má rẹ́ yín jẹ. (Ẹni tó bá ń rà nítòsí igbó Ọ̀ṣun ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù báyìí lọ. Yàtọ̀ sí hẹ́kítà 75 igbó náà tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, hẹ́kítà 47 ni wọ́n fi yí i ká láti dáàbò bò ó.)

Lọ́yà Abẹ́rẹ́:
"Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ló ń tà á." Inú gbólóhùn yìí gan-an ni ẹjọ́ wà. Ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìpíngún ti di ti gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Olórí ẹbí, tó sábà máa ń jẹ́ dáwódù, àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jọ tà á. Bí ìyàwó mẹ́ta bá bímọ fún bàbá, ìdí igi mẹ́ta nìyẹn. Látìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni kóòtù ti là á sílẹ̀: bí ará ilé bá tà láìsí olórí ẹbí, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá tà láìsí àwọn yòókù, títà náà dúró, àmọ́ wọ́n lè gba kóòtù lọ fagi lé e. Ẹni tó bá sì ta ilẹ̀ ẹbí bí ẹni ta ti ara rẹ̀, kò ta nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ béèrè iye ìyàwó tí bàbá fẹ́, kẹ́ ẹ sì bá ìdí igi kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fúnra yín. Ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ ni wọ́n máa ń fò dá.

Ní ti ìwé, rìsíìtì ń fi hàn pé ẹ sanwó ni. Kí lọ́yà kọ deed of assignment (ìwé tó gbé ilẹ̀ náà fún yín), kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí, kẹ́ ẹ lẹ sọ́fè mọ́ ọn. Bí àgbàlagbà kan bá máa tẹ̀ka, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ka ìwé náà sí i létí ní Yorùbá, ó sì yé e kó tó tẹ̀ ẹ́. Láìsí èyí, ó lè ní òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kí ìwé náà sọ pé iye tẹ́ ẹ san ti kó owó ìpìlẹ̀ àti gbogbo owó ọmọ onílẹ̀ mọ́ra. Àkáǹtì tí ẹbí fẹnu kò sí ni kẹ́ ẹ sanwó sí, kì í ṣe ti ọmọkùnrin yẹn, kì í sì í ṣe káàṣì. Kí wọ́n wá mú yín wọ ilẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

Bí C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba) bá ti wà lórí ilẹ̀ náà, òfin ilẹ̀ 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí títà rẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú 1991, kí wọ́n tó yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́, Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, torí náà kí lọ́yà wádìí dé ọ̀hún.

Ìdí Káńtà:
Owó tí wọ́n ń yọ yẹn, NHF (National Housing Fund), ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ gbọ́dọ̀ ti dá a fún oṣù 6 ó kéré tán kẹ́ ẹ tó lè béèrè. Èlé rẹ̀ kéré, èyí tí bánkì lásán ò lè fún yín, ẹ sì lè san án tó ọdún 30, bí ọjọ́ orí yín bá ṣe gbà. Àmọ́ ilé ni wọ́n ń yá a fún, láti kọ́ ọ, rà á tàbí tún un ṣe. Owó ilẹ̀ òfìfo, àpò yín ni yóò ti jáde. Rìsíìtì ẹbí ò sì lè dúró fún ẹ̀yáwó, ìwé tí wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gba àkọsílẹ̀ owó yín lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank. Nígbà míì, ibi iṣẹ́ á yọ ọ́ lóṣooṣù, kò ní dé ọ̀hún.

Ayálégbé Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Mo pe ájẹ́ńtì, ó ní ọmọkùnrin náà ní power of attorney (ìwé àṣẹ láti ṣojú ẹni) lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Lọ́yà Abẹ́rẹ́:
Ẹ ní kó mú ojúlówó rẹ̀ wá, ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Aṣojú lásán ni irú ìwé yẹn sọ ọ́ dà, kò sọ ọ́ di onílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó fún un láṣẹ bá sì ti kú, àṣẹ tẹni yẹn ti bá a lọ.

Ti lánlọ́ọ̀dù: ọdọọdún lẹ ń san, oṣù 6 ni nótíìsì yín, àfi bí àdéhùn bá kọ iye mìíràn, inú ìwé ló sì yẹ kó wà. Bó bá pé, yóò tún fún yín ní nótíìsì ọjọ́ 7 pé òun fẹ́ gba ilé òun, kó tó lọ sí kóòtù. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí páànù tàbí pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ibi tó lè ká yín mọ́ ni bí àdéhùn bá sọ ọdún kan péré tó sì ti parí láì tíì gba owó tuntun. Nígbà náà, ọjọ́ 7 yẹn nìkan ló kù. Ẹ lọ wo ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì ìkẹyìn.