Ẹ̀rọ ìlagi oníjáàkì: ìdí tí mi ò fi lè fọwọ́ sí "agbára omi"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kan nínú wa tó ń gbé Amẹ́ríkà béèrè ohun tí a lè máa pe ẹ̀rọ kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn sílé, èyí tó fi ń la igi ìdáná sílẹ̀ de ìgbà òtútù. Mọ́tò iná ló ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì lọ sínú sìlíńdà, ọ̀pá irin inú sìlíńdà á wá máa ti ìtì igi mọ́ irin ẹlẹ́nu mímú kan títí igi á fi là sí méjì. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: "ẹ̀rọ ìlagi alágbára omi", "lagilagi oníná", àti "afagbára-epo-lagi". Mo ka gbogbo àlàyé yín. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ sọ, torí irú ẹ̀rọ yìí wà lọ́dọ̀ wa. Àbúrò mi tó jẹ́ wẹ́dà ló kàn án, èmi ni mo sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "là". Kò sí ìjà níbẹ̀. Gé ni à ń gé igi ní ìbú, là ni à ń là á ní òòró, bí iṣan igi bá ṣe lọ. (Inú "là" yìí náà ni àlàyé ti jáde: ẹni tó ń ṣàlàyé ń la ọ̀rọ̀ yéni ni.) Ẹnìkan sọ pé wọ́n ń la gẹdú ní sọ́míìlì, pé "ìlagi" lè da ojú rú. Òótọ́ ni pé wọ́n ń là á, ṣùgbọ́n ayùn ló ń ṣe é níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pe sọ́míìlì ní ẹ̀rọ ìlagi.

Ẹ̀gbọ́n tó dábàá "lagilagi", ẹ má bínú sí mi. Tí a bá pe ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ènìyàn la sábà máa ń rí níbẹ̀: gbẹ́nàgbẹ́nà, panápaná, kọ́lékọ́lé, wolé-wolé. Lagilagi ti wà kí mọ́tò iná tó dé, ẹni tí àáké wà léjìká rẹ̀ ni. Tí a bá gba orúkọ rẹ̀ fún irin, kí la ó máa pe òun fúnra rẹ̀? Ì- ló máa ń bá ẹ̀rọ rìn nílé wa: ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ ìlọta. Ọmọ tí wọ́n gbé ata lé lọ́wọ́ kì í ronú kó tó sọ pé òun ń lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀rọ ìlagi bá wọn dọ́gba.

Ní ti "oníná", ó dára, àmọ́ kì í ṣe dandan. Sítóòfù oníná, áyọ́ọ̀nù oníná, gbogbo wa la mọ̀ pé mànàmáná ni. Ẹ fi sí i nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà á sọ́tọ̀ lára èyí tó ń mu pẹtiróòlù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni "agbára omi". Ẹni tó mú un wá sọ pé omi ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà "haidirọ́líìkì" (hydraulic) táwọn Òyìnbó fi ń pe irú ẹ̀rọ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Omi àti fèrè ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjèèjì tó bí i. Ohun èlò orin kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, fèrè ńlá kan tí omi ń ti afẹ́fẹ́ sí nínú, tí Ctesibius ará Alẹkisáńdíríà ṣe ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Omi náà ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan pọ̀, èyí tí Joseph Bramah gba ìwé àṣẹ lé lórí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1795. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ló wà nínú tiwa, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ná wa lówó.

Nígbà tí àbúrò mi parí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí n kọ ohun tó yẹ sára táńkì ní Yorùbá, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti ka "agbára omi" níbì kan, mo bá fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà: AGBÁRA OMI. Kò tíì pé oṣù kan tí ọmọ iṣẹ́ kan rí i pé ohun inú táńkì ti lọ sílẹ̀. Ó ka ohun tí mo kọ, ó fa omi lákànga, ó dà á sí i. Bí wọ́n ṣe tan mọ́tò, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í han. A ṣí táńkì. Ọ́ìlì tó mọ́ bí oyin tẹ́lẹ̀ ti funfun bí omi ògì, ó ń hó bí ọṣẹ. A fọ gbogbo rẹ̀, a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò pẹ́ tí pọ́ǹpù náà fi dẹnu kọlẹ̀. Ọmọ yẹn ò jẹ̀bi rárá. Ó ka Yorùbá, ó sì ṣe ohun tí Yorùbá náà sọ. Èmi ni mo kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, agbára omi ti ní ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́ fún ará ilé yín, ẹ wò ó bóyá kò ní í jẹ́ Káínjì tàbí Jẹ́bà ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, níbi tí omi odò ti ń yí ẹ̀rọ kí iná tó jáde.

Ṣé ká wá pè é ní "elépo"? Epo pupa, tàbí epo ọkọ̀? Wọ́n á béèrè pé lítà mélòó ló ń mu lójúmọ́. Kò sì jó epo kankan: ọ́ìlì kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. "Afagbára-epo-lagi" tún wá gùn jù. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn bí amóhùnmáwòrán, àmọ́ ẹnu akéròyìn ni mo ti sábà ń gbọ́ ọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, tí ìka ẹnìkan bá fẹ́ há sáàárín igi àti irin, orúkọ tó yá lẹ́nu là ń wá.

Orúkọ ọ̀hún kò jìnnà. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Wọ́n á to àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti lọ̀ léra, wọ́n á tẹ́ pákó lé e, wọ́n á gbé jáàkì ọkọ̀ akẹ́rù sábẹ́ irin tí wọ́n dábùú, ìyá kan á wá máa mì í sókè sódò. Díẹ̀díẹ̀ ni omi ẹ̀gẹ́ á máa ro sílẹ̀. Ìyá yẹn mọ̀ pé agbára díẹ̀ tí ọwọ́ òun ń lò níhìn-ín ló ń di ẹrù ńlá lọ́hùn-ún. Ohun tí ẹ̀rọ ìlagi ń ṣe náà nìyẹn, àfi pé mọ́tò alágbára ẹṣin 3 ló gba iṣẹ́ apá ìyá ṣe. Sìlíńdà àbúrò mi fẹ̀ ní íǹṣì 4, ìyẹn ni pé ojú tí ọ́ìlì ń tì tó nǹkan bí íǹṣì 12.6 níbùú lóòró. Tí ọ́ìlì bá fi páùn 2,500 ti íǹṣì kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ á lé ní páùn 31,000, bíi tọ́ọ̀nù 14. Mo ti rí i tó gbé ìtì máńgòrò oníkókó tí àáké ti rẹ̀ lára rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ lórí kókó yẹn, igi ké "ká", ó là.

Jáàkì ni. Àwọn Gíríìkì fi ohun èlò tí wọ́n mọ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kí àwa náà fi tiwa sọ ọ́: ẹ̀rọ ìlagi oníjáàkì. Àwọn kan á ní jáàkì kì í ṣe Yorùbá. Àlùbọ́sà tí gbogbo wa ń rẹ́ sọ́bẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá. Jáàkì ti gba oní- mọ́ra láìjanpata, ohun tó sì ń ṣe ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Mo fàáké kọ́rí lórí èyí.

Ibì kan wà tí kò dé ṣá o. Bíréèkì ọkọ̀ náà ń fi nǹkan olómi ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní oníjáàkì. Fún ìwé ẹ̀kọ́ físíìsì, "agbára nǹkan olómi" yè kooro ju "agbára omi" lọ, torí olómi gba omi, ó gba ọ́ìlì. Kí ìyẹn wà nínú ìwé, kí oníjáàkì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Àbúrò mi ti ra pọ́ǹpù míì. Mo ti ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára táńkì, mo sì kọ òmíràn: Ẹ̀RỌ ÌLAGI ONÍJÁÀKÌ. Ọ́ÌLÌ NÌKAN. Ọmọ iṣẹ́ yẹn náà ni mo ní kó kà á sí mi létí kí ọ̀dà tó gbẹ.