Ọ̀rọ̀ lẹ́tà wa ti yanjú o

Ẹ ó rántí pé mo ráhùn níjọ́sí pé ẹni tó ń pín lẹ́tà kì í gbé tiwa dé ilé, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló máa ń já a sí. Mo dúró dè é lẹ́nu géètì lánàá, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ó nàka sí nọ́ńbà ilé wa: òdòdó tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ti bo 6 inú 16, ó ku 1 péré! Ojú tì mí. Ajá wa sì tún ń gbó mọ́ ọn. Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó fi àpá ibi tí ajá ilé mìíràn ti bù ú jẹ hàn mí. Mo ti gé òdòdó, mo sì ti gbé àpótí lẹ́tà síta géètì. Lẹ́tà méjì ti wọlé láàárọ̀ yìí. Ẹ bá mi pa ọ̀rọ̀ náà dé.