Ẹ̀yin tí hàátì àtáàkì ti ṣe rí, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́: Wọ́n ní ti obìnrin kì í rí bíi ti ọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ́kọ́ rí? Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Bàbá Kọ́ndó: Tèmi ò fara sin. Lọ́dún 2019 ni, mo jẹ́ ẹni ọdún 54. Àfi bí ẹni gbé ọlọ lé mi láyà. Ó ń ta dé apá òsì, òógùn tútù bò mí. Ìyàwó mi ò bi mí ní nǹkan kan, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló mú.

Ìyá Ìbejì: Àyà ò dùn mí rárá. Ó kàn ń rẹ̀ mí ṣáá fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí mo bá gbá yàrá kan, àfi kí n dùbúlẹ̀. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kan, èébì dé, àárín ẹ̀yìn ń ro mí, párì ń dùn mí bí ẹni tí eyín ń dà láàmú. Ọmọ ọdún 47 ni mí. Wọ́n kọ oògùn ọgbẹ́ inú fún mi, wọ́n ní kí n lọ sùn. Ọsibítù kejì ni wọ́n ti so wáyà mọ́ mi láyà, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kí wọ́n tó rí i. Pé wọn ò gbà mí gbọ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Tósìn: Ọgbẹ́ inú! Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà nìyẹn.

Kúnlé: Ẹ má bínú mà, ṣé ó dá yín lójú pé hàátì ni? Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló di àyà mú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kúnlé, àyà dídùn ló wọ́pọ̀ jù lóòótọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àmọ́ nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, bí obìnrin 42 nínú 100 ni àyà ò dùn, ọkùnrin jẹ́ bíi 31. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn ṣì kéré ni ìyàtọ̀ yẹn ti pọ̀ jù. Bí àgbà ṣe ń dé, tọkùnrin tobìnrin ń jọra.

Kúnlé: Mo ti gbọ́. Ẹ forí jì mí, Ìyá Ìbejì.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ: Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 81, ó ní àtọ̀gbẹ. Kò sí ibi tó dùn ún. Ó kàn ń mí gúlegúle, ó ń ṣarán. Àwọn ẹbí ní wọ́n ta á lọ́fà ni, ilé alágbo la kọ́kọ́ gbà lọ. A ò bá a délé mọ́.

Bàbá Kọ́ndó: Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ ọfà yìí ti pa èèyàn púpọ̀!

Tósìn: Ẹ má dá ẹbí lẹ́bi, sà. Àwọn dókítà gan-an ṣì Ìyá Ìbejì mú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Àdùkẹ́, ẹ ò sọ nǹkan mọ́. Ṣé ó ń ṣe yín ni?

Àdùkẹ́: Àárín ẹ̀yìn ló ń ro mí láti àná, èébì sì ń gbé mi. Ọmọ mi ti ń yọ mọ́tò jáde báyìí.