Kẹ́yìndé mọ ìsọdipúpọ̀, kí ló dé tó gba òdo?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. SS2 ni Kẹ́yìndé mi wà. Òní ni wọ́n dá ìwé piecewise function rẹ̀ padà (ìṣirò tó ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ibi tí x bá bọ́ sí máa ń sọ ìlà tá a máa lò): òdo nínú mẹ́ta. Ohun tí wọ́n fún un nìyí:

f(x) = 2x + 5, bí x < −1
f(x) = x², bí −1 ≤ x < 3
f(x) = 7, bí x ≥ 3

Wọ́n ní kó wá f(−4), f(−1) àti f(3), ìyẹn ohun tó máa jáde bí x bá jẹ́ −4, −1 àti 3. Ó kọ 16, 3 àti 9. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, ṣebí 4 lọ́nà 4 náà ni 16? Ọmọ ti sunkún sùn, mi ò sì rí àlàyé ṣe fún un.

Tíṣà Àgbà: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ìṣirò rẹ̀ dáa, ìlà tó mú ló ṣì. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ìlà kan ṣoṣo ló ni ín. Kó fi páálí bo apá òsì ná, kó máa wo ibi tí "bí" wà nìkan. Ṣé −4 kéré sí −1? Ó rò pé −4 ló pọ̀ jù torí pé 4 ju 1 lọ. Ẹ bi í pé: ẹni tó jẹ gbèsè náírà mẹ́rin àti ẹni tó jẹ náírà kan, ta ló tòṣì jù? Ìlà kìíní ló ni −4: 2(−4) + 5 = −3.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ jẹ́ kó wo àmì náà dáadáa. < kì í gba ẹni tó dúró lẹ́nu ààlà, ≤ ń gbà á. Ẹ fi máàkì WAEC hàn án: 45 sí 49 ni D7, 50 sí 54 ni C6. Ẹni tó gba 50 ti wọ C6, wọn ò ní kọ D7 mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni −1: ìlà kìíní lé e, ìkejì gbà á, (−1)² = 1. Ìkejì lé 3, ìkẹta gbà á: 7.

Akọ̀wé Owó: Ẹ sọ fún un pé bá a ṣe ń ṣírò owó orí nìyẹn. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, a kì í san owó orí kankan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń ṣírò owó orí lé lórí lọ́dún. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15% ni. Ẹni tó ní ₦1,000,000 yóò san 15% ₦200,000, ìyẹn ₦30,000. Bí mo bá fi ìlà 15% yẹn ṣírò ti ẹni tó ní ₦600,000, tí mo yọ ₦800,000 kúrò nínú rẹ̀, −₦30,000 ló máa jáde, bí ẹni pé ìjọba jẹ ẹ́ lówó! Ààlà ni mo máa ń kọ́kọ́ fi bírò yí po.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fi páálí bo apá òsì láàárọ̀ yìí. Mo ní f(2.9) ńkọ́? Ó fìka tọ àwọn ààlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ìlà kejì, 8.41. Mo ní f(3.1)? "7, Mọ́mì." f(100) ńkọ́? "7 náà ni, kò sí x nínú ìlà yẹn mọ́."